Ohun Tó Gbẹ Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ajé, 14 Ọ̀wàrà 2019

Dókítà ní Abẹ́òkúta ní kí n wá ìwé kan, kí n máa kọ ohun tí mo bá ń rí lára Jibril ẹ̀gbọ́n mi sínú rẹ̀, kí n sì mú un dání nígbà tí a bá padà wá. Mi ò ra ìwé kankan. Ìwé tí mo fi ń kọ ọjà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ni mo dojú rẹ̀ délẹ̀, tí mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ọjà wo ni mo tún fẹ́ kọ? Oògùn oko tí mo ń tà ní Ẹ̀gùá láti ọdún mọ́kàndínlógún, òdìkejì ẹnubodè, lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Láti oṣù Ògún tí wọ́n ti ti ẹnubodè, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ló kù nílẹ̀, mo sì jókòó tì wọ́n bí adìyẹ tó ń sàba.

Ọdún méjì ni Jibril fi jù mí lọ. Lójú rẹ̀, Bùrọ̀dá ni mo ń pè é, "ẹ" ni mo sì ń bá a sọ. Ṣùgbọ́n èmi àti dókítà nìkan ni yóò ka èyí, "ó" ni mo máa kọ, kí ọwọ́ lè yá.

Ohun tí mo rí lónìí: kò lè de bọ́tìnnì mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ti jò. Ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ti tán, ibẹ̀ ti di kòtò. Ẹran apá ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lábẹ́ awọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ní kò dun òun rárá, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Bó bá dùn ún ni, à bá ti gbé e lọ sọ́sibítù láti ọdún tó kọjá.

Ó rí mi tí mo ń kọ̀wé, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mùíná, ìwọ tí o ò kọ lẹ́tà sí ọkọ ẹ títí ó fi kú."

Mo ní ọwọ́ ọkọ mi ò gbẹ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ ọ́.

Ọjọ́rú, 16 Ọ̀wàrà

Òjò láti àárọ̀. Àṣìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló wẹ̀ fún un lónìí. Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ẹ̀yìnkùlé, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn ò dénú.

Àbámẹ́ta, 19 Ọ̀wàrà

Ìbéèrè dókítà yẹn ṣì ń yí lórí mi. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, Dókítà Ayọ̀dàmọ́lá, ohùn rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ ò kúrò lára èèyàn. Ó ní ọmọ ọdún mélòó ni Bàbá? Jibril ní méjìdínlọ́gọ́ta. Ṣé wọ́n mu sìgá rí? Ó ní òun mu ún lọ́dún mẹ́wàá kí òun tó fi sílẹ̀. Ṣé wọ́n ṣiṣẹ́ ológun rí, ṣé wọ́n fi orí gbá nǹkan rí, ṣé wọ́n bá òjé ṣiṣẹ́ rí? Rárá, rárá, rárá. Ṣé wọ́n ń fín oògùn oko?

Ó kọ́kọ́ wojú mi kó tó dáhùn. Ó ní, "Mo máa ń fín in díẹ̀díẹ̀."

Díẹ̀díẹ̀! Ọkùnrin tó jẹ́ pé kò sí oko àgbàdo tàbí oko ẹ̀gẹ́ láti Ẹ̀gùá títí dé ọ̀nà Ayétòrò tí wọn ò pè é wá fín oògùn sí, tó jẹ́ pé táńkì ẹ̀yìn ti fá awọ èjìká rẹ̀ méjèèjì.

Ìgbà náà ni ó bèèrè pé ṣé ẹnì kan nínú ìdílé ti ṣe irú èyí rí. Jibril ní, "Rárá." Èmi náà ní, "Rárá o, Dókítà." A jọ dáhùn bí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a ò tiẹ̀ wo ara wa.

Ọdún 1987 ni bàbá wa kú. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbẹ, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ lọ. Ìyá wa ní ẹ̀gbà ni, ó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá a sọ mọ́ nínú agbo ilé. Ìyá wa pàápàá ti kú. A ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Àìkú, 27 Ọ̀wàrà

Toheebat, àkọ́bí Jibril, wá láti Ayétòrò tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jókòó. Àwọn Bàrúwà ní Ìlárò, ìdílé Ọláoyè, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ti ní àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Mo mọ ìwádìí dáadáa. Wọn á rán ẹni tí a ò mọ̀ wá, á ṣe bí ẹni tó wá rajà, á máa bi ará àdúgbò léèrè pé ṣé ẹ̀tẹ̀ wà nílé wọn, ṣé wárápá wà ńbẹ̀, ṣé wèrè ń ṣe wọ́n. Èmi náà ti ṣe é nígbà tí ọmọ mi àgbà fẹ́ gbéyàwó. Mo lọ ra ata títí dé Ìhunbọ lọ́wọ́ aládùúgbò àwọn àna mi, bẹ́ẹ̀ ata wà nílé mi.

Nígbà tí Toheebat jáde, Àṣìkẹ́ fà mí lápá wọ inú ilé. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀kadà ló gbé Bàbá Toheebat ṣubú."

Mo ní ọ̀kadà wo ló ń gbẹ èèyàn lọ́wọ́?

Ó ní, "Ẹ ṣáà wá nǹkan sọ. Ẹ̀yin ni àbúrò wọn, ẹ̀yin ni wọ́n máa bi."

Àìkú, 3 Bélú

Ọ̀jẹ̀túndé tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa wá ra "alákùkọ". Orúkọ tí a sọ oògùn náà nìyẹn nítorí àkùkọ tó wà lára kẹ́ẹ̀gì. Kì í ra odidi kẹ́ẹ̀gì, kò sẹ́ni tó ń ra odidi níbí. Ike omi ni mo máa ń bu ú sí fún wọn. Mo ń bù ú lọ́wọ́ nígbà tí Toheebat wọlé, tí ó lóṣòó síwájú kẹ́ẹ̀gì, tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ọ̀jẹ̀túndé gbé ike tirẹ̀, ó lọ.

"Màmá Ṣọ́ọ̀bù, ẹ ti ka nǹkan tí wọ́n kọ síbí rí?"

"Ta ló gbọ́ Faransé?"

"Èmi gbọ́ ọ."

Ó kà á fún mi. Kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó wọ ìbọ̀wọ́. Kí ó bo imú àti ẹnu. Kí wọ́n má ṣe bù ú sínú ohun tí wọ́n ń fi jẹun tàbí mu omi. Ó dé ìlà kan, ó dákẹ́, ó wá tún un kà: bí ẹnu ẹ̀rọ ìfín bá dí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu fẹ́ ẹ.

Mo jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì kejì. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá dí, Jibril á tú u, á fi há ètè, á fẹ́ ẹ títí ihò rẹ̀ á fi là, á tutọ́, á máa bá iṣẹ́ lọ. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́wàá lóòjọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ tajà fún mi ní òdìkejì ló fi hàn mí, èmi náà sì fi han gbogbo ẹni tó ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, mo tilẹ̀ ń fi ṣe fáàrí pé èmi kì í tajà kí n má kọ́ni bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ọdún márùn-ún rèé tí ọmọ yìí ti gbọ́ Faransé. Èrè ṣọ́ọ̀bù yìí náà la fi rán an lọ kọ́ ọ. Mi ò ní kí ó wá ka ara kẹ́ẹ̀gì fún mi rí lọ́jọ́ kan.

Àbámẹ́ta, 9 Bélú

Ìjọba ní ilé epo tó bá wà láàárín ogún kìlómítà sí ẹnubodè kò gbọdọ̀ ta pẹtiróòlù mọ́. Gbogbo Ẹ̀gùá dákẹ́ lónìí, kò sí ọ̀kadà, ẹ̀rọ ata pàápàá ò dún. Ìrẹsì tiwa tí a máa ń rí bù ti di nǹkan tí à ń fojú wá. Wọ́n ní àwọn onífàyàwọ́ ni àwọn ń lé. Àwa tí a jókòó sílé ni wọ́n bá.

Jibril ò lè mú ṣíbí mọ́. Ọwọ́ òsì náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 19 Bélú

A ti Abẹ́òkúta dé, èmi, Jibril àti Àṣìkẹ́. Tí mi ò bá kọ ọ́ lónìí, mi ò ní kọ ọ́ mọ́.

Ibi mẹ́sàn-án ni wọ́n ti dá wa dúró lójú ọ̀nà. Níbi kẹrin, wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀kalẹ̀, kí a gbé ọwọ́ sókè, kí a fẹsẹ̀ rìn kọjá. Ọkùnrin kan tó wọ kákí nawọ́ sí Jibril. "Bàbá, mo ní ẹ gbé ọwọ́ yín sókè!" Jibril ní òun ò lè gbé e. Ahọ́n rẹ̀ ti ń wúwo, ọkùnrin náà rò pé ó ti mutí yó, ó jágbe mọ́ ọn. Ni mo bá lọ dúró sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi, mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo gbé wọn sókè fún un. Báyẹn la ṣe rìn kọjá. Ọwọ́ náà fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ.

Lẹ́tà mẹ́ta ni Dókítà kọ sínú káàdì: ALS. Ó ní iṣan tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti inú ọpọlọ lọ sínú ẹran ara ló ń kú níkọ̀ọ̀kan, bíi wáyà tó ń já nínú ilé nígbà tí iná ṣì wà. Iyè rẹ̀ ò ní sọnù. Yóò máa mọ gbogbo ohun tó ń lọ. Yóò dé ọ̀fun, yóò sì dé ibi mímí. Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn.

Mo ní kí Àṣìkẹ́ mú un jáde, èmi dúró.

"Dókítà, ṣé oògùn oko lè fà á?"

"Màmá, ohun tó lè mú kó súnmọ́ èèyàn la lè sọ. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Ó ń mú ọkùnrin ju obìnrin lọ. Sìgá wà níbẹ̀. Wọ́n fura sí oògùn oko, torí wọ́n rí i pé ó pọ̀ díẹ̀ lára àwọn tó ti fín in pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn fín in lógójì ọdún, nǹkan kan ò ṣe é. Ohun tó fà á fún ẹni tó jókòó síwájú mi yìí, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà."

"Tó bá jẹ́ pé bàbá wa náà ṣe é ńkọ́?"

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Màmá, mo bi yín nígbà yẹn."

"Mo mọ̀."

Kò bá mi wí. Ì bá dára kó bá mi wí. Ó ní nínú ẹni mẹ́wàá tó bá ní in, bí ẹnì kan ni tirẹ̀ máa ń wá láti inú ìdílé. Bó bá jẹ́ ti ìdílé, ọmọ kọ̀ọ̀kan lè gbà á, ó sì lè má gbà á, ìdajì-ìdajì. Ẹlòmíràn gbà á sára, kò sì jí títí onítọ̀hún fi darúgbó. Ó ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà tó lè sọ díẹ̀ nínú rẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó wá bi mí pé iṣẹ́ wo ni bàbá wa ṣe. Mo ní ọdẹ ni, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀ fi ṣe ọta ìbọn. Ó mi orí, ó ní wọ́n fura sí òjé náà.

Ibi gbogbo ni ó lè ti wá, kò sì sí ibì kan tí mo lè dì mú pé ìwọ ni. Mo bú sẹ́kún nínú yàrá yẹn. Kì í ṣe fún Jibril nìkan, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́.

Àìkú, 24 Bélú

Mo kírun Àsárì tán, mo gbé ọwọ́ sókè, ohun tó ti ẹnu mi jáde ni pé, Ọlọ́run, jẹ́ kó jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, mi ò jẹ̀bi. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, ike omi mi ò sí níbẹ̀, ẹnu tí mo kọ́ ọ láti fi fẹ́ ẹ̀rọ ò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo ka àwọn tí ẹ̀jẹ̀ náà kàn. Toheebat. Àwọn ọmọ mi ọkùnrin méjèèjì. Èmi tìkara mi. Mo ń bẹ Ọlọ́run kó fi àrùn sára àwọn ọmọ kí èmi lè rí oorun sùn.

Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀. Mi ò ṣe àmín.

Àìkú, 1 Ọ̀pẹ

Ẹ̀bà há Jibril lọ́fun lọ́sàn-án. Ojú rẹ̀ yọ síta, Àṣìkẹ́ ń gbá a lẹ́yìn, ó ń ké orúkọ Ọlọ́run. Ẹ̀bà náà padà wọlẹ̀. Ẹ̀kọ mímu la máa fún un láti òní lọ. Ọrùn rẹ̀ ò gbé orí dáadáa mọ́, a ká aṣọ ìnura tì í lábẹ́ àgbọ̀n. Èmi àti Àṣìkẹ́ nìkan ló ń gbọ́ ohun tó bá sọ báyìí. Toheebat tí ó bí nínú ara rẹ̀ máa ń ní, "Bàbá, ẹ tún un sọ," títí á fi sú òun náà.

Nígbà tí mo ń fún un ní ẹ̀kọ lálẹ́, ó ní, "Mùíná. Ìwé tí ò ń kọ. O ti rí ohun tó fà á?"

"Dókítà ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

Mo fi ṣíbí ẹ̀kọ kan sí i lẹ́nu. Ó gbé ẹ̀kọ ẹnu rẹ̀ mì, ó pẹ́ kó tó lọ. Ó ní, "Tó bá jẹ́ oògùn ẹ ni, má sọ fún mi. Ìwọ lò ń fún mi lóúnjẹ."

Àbámẹ́ta, 14 Ọ̀pẹ

Wọ́n ti dé. Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun fẹ́ ra ọkọ́. Bàtà gogoro ló wọ̀. Ó gbé ọkọ́ mẹ́ta wò, kò fojú kan ẹnu èyíkéyìí nínú wọn. Ó ní àgbàdo mà wọ́n o, mo ní ó wọ́n. Ó ní ìrẹsì ńkọ́, mo ní kó lọ bi àwọn tó ti ẹnubodè. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá wọ inú ọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní ara baálé agbo ilé yìí ò yá."

"Ara wọn ò yá."

"Ẹ̀yàá. Ẹnì kan ń sọ lọ́jà pé bí ti bàbá wọn ló rí. Pé ọwọ́ ti bàbá náà gbẹ kó tó kú."

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tí a fi pa ẹnu mọ́, ọjà bá wa tọ́jú rẹ̀.

Mo ní, "Màmá, kí lorúkọ yín?"

"Ojúọlá."

"Màmá Ojúọlá, ẹ bá mi kí àwọn Bàrúwà. Ẹ ní kí wọ́n wá ní gbangba lóṣù tó ń bọ̀, wọn á gbọ́ èsì lẹ́nu mi."

Ojú tì í díẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi. Àṣà ni. Ọmọ wa náà ni à ń ṣọ́."

Mi ò bínú sí i. Ohun tó ń wá ni ohun tó yẹ kó wá. Ó san owó ọkọ́ kan, ó gbé e dání lórí ọ̀kadà pẹ̀lú bàtà gogoro yẹn.

Àbámẹ́ta, 28 Ọ̀pẹ

Àṣìkẹ́ ti rí èsì tirẹ̀. Ó ní kí a sọ pé ayé ló ṣe ọkọ òun. Kò sẹ́ni tí í kọ ọmọ ẹni tí ayé bá ṣe, àánú wọn ló máa ń ṣe èèyàn. Ó ní kí a tilẹ̀ dárúkọ ẹni tó ṣe é, kí ó lè dá wọn lójú, kí a ní Ọ̀jẹ̀túndé ni, ìjà ààlà oko tí wọ́n jà lọ́dún kẹta.

Mo ní, "Ọ̀jẹ̀túndé tó pọn Bùrọ̀dá sẹ́yìn lọ sí mọ́ṣáláṣí ní Jímọ̀ àná? Tí òun fúnra rẹ̀ kì í kírun?"

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun."

"O mọ̀, o sì fẹ́ kí n sọ ọ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ọmọ ọdún mélòó ni Toheebat? Tí àwọn yìí bá padà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo Yewa ló máa gbọ́ ìdí tí wọ́n fi padà. Ẹ ò bí obìnrin, ẹ ò lè mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n kò purọ́.

Àìkú, 5 Ṣẹ́rẹ́ 2020

Ọyẹ́ mú, ètè gbogbo wa là. Toheebat jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń kó àwọn ike òfìfo jọ. Ó ní, "Màmá Ṣọ́ọ̀bù, ṣé ẹ rò pé nǹkan tó ń ṣe Bàbá lè wà lára mi?"

Mo ní, "Rárá." Kíá. Mi ò tiẹ̀ mí kí n tó sọ ọ́. Ó gbà mí gbọ́, ó sì to ike kan lé orí ìkejì, ó ń sọ̀rọ̀ nípa aṣọ ìyàwó.

Àbámẹ́ta, 18 Ṣẹ́rẹ́

Àwọn márùn-ún ni wọ́n wá láti Ìlárò, Alhaji Bàrúwà tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ ló ṣáájú wọn, Màmá Ojúọlá wà lára wọn. Mo ti ṣètò kí Jibril wà nínú yàrá. Alhaji ní kò ṣeé ṣe, àwọn ò lè wọ ilé ọkùnrin kan láti tọrọ ọmọ rẹ̀ kí àwọn má kí i. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n fìdí rẹ̀ kalẹ̀ lórí àga, Àṣìkẹ́ ká aṣọ ìnura tì í lábẹ́ àgbọ̀n.

Alhaji sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ó ní inú àwọn dùn sí ọmọ náà, ìwà rẹ̀ tẹ́ àwọn lọ́rùn, ohun kan péré ló kù. Ó ní, "Ìyá wa, ẹ ṣàlàyé àìsàn yìí fún wa. A gbọ́ ti bàbá àgbà náà."

Mo ti ní èsì méjì lọ́kàn láti ọjọ́ púpọ̀, n ò mọ èyí tí mo máa mú. Mo wo ẹnu ọ̀nà, mo rí etí aṣọ Toheebat lẹ́yìn kọ́tìnì.

Mo ní, "Bàbá wa ọdẹ ni. Ìbọn ló bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ojú ọgbẹ́ náà ló gbẹ ọwọ́ rẹ̀, ó sì padà pa á. Àwọn ọlọ́jà ò mọ nǹkan tí wọ́n ń sọ. Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Oògùn oko tí mo ń tà ni. Mo bu májèlé sínú ike omi fún wọn, mo kọ́ wọn pé kí wọ́n máa fi ẹnu fẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀jẹ̀ wa ò ní nǹkan kan. Ọwọ́ mi ló ṣe é."

Mo rí i lójú wọn bí ara ṣe tù wọ́n. Ó tù wọ́n! Màmá Ojúọlá tilẹ̀ fọwọ́ kàn mí lórúnkún, ó ní Ọlọ́run á dárí jì mí.

Ìgbà náà ni Jibril sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kó tó kó ohùn jọ, itọ́ ń dà sí aṣọ ìnura. Ó ní, "Ìbọn kọ́. Bí tèmi ni."

Alhaji tẹ etí sílẹ̀. "Kí ni Bàbá sọ?"

Mo wo Àṣìkẹ́. Àṣìkẹ́ wo ilẹ̀.

Mo ní, "Wọ́n ní àwọn fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i."

Wọ́n ní, "Àmín!" lẹ́ẹ̀kan náà. Jibril tún un sọ, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ sọ ọ́, ìró náà ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Mùíná. Bí tèmi ni. Kì í ṣe oògùn ẹ." Wọ́n tún ní àmín. Kò lè mi orí, ọrùn rẹ̀ ò gbà fún un. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀, Alhaji náà sì mú áńkáṣíìfù jáde, ó ní, "Ayọ̀ ọmọ ni. Ayọ̀ ọmọ ni, Bàbá."

Ajé, 20 Ṣẹ́rẹ́

Ìròyìn ti tàn ká. Obìnrin mẹ́rin ló ti wá bi mí lónìí bóyá ọwọ́ ọkọ àwọn náà á gbẹ. Ọ̀jẹ̀túndé wá nírọ̀lẹ́, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi lórí tábìlì. Ó ní, "Mùíná, wò ó dáadáa. Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?"

Mo wò ó. Ọwọ́ àgbẹ̀ ni, ó le, ó sán. Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Mi ò mọ̀. Ó wá ní ike tí òun fi ra alákùkọ, ìyàwó òun ti fọ̀ ọ́, omi mímu ló fi ń bù lọ sóko. Mo ní kí wọ́n jù ú nù, kí wọ́n gún un kí wọ́n tó jù ú. Ó wojú mi títí, ó ní, "Ọdún mélòó lo ti mọ̀?" Mo ní láti oṣù Bélú. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ nílẹ̀, kò dágbére fún mi.

Mo fi àgádágodo sí ṣọ́ọ̀bù. Kẹ́ẹ̀gì méjì ló kù níbẹ̀, mi ò mọ ibi tí wọ́n ń da irú rẹ̀ sí. Èyí tí mo ti bù fún Ẹ̀gùá láti ọdún mọ́kàndínlógún, kò sí bí mo ṣe lè kó o padà.

Àìkú, 26 Ṣẹ́rẹ́

Wọ́n ti mú ọjọ́ ìsopọ̀, Àbámẹ́ta kẹta nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Toheebat dì mọ́ mi, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gba ìtìjú náà mọ́ra nítorí òun. Ó ní òun ti kọ ọ́ sí Ọláoyè, pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé àwọn. Mo ní kó lọ bá ìyá rẹ̀ ní ìdí ààrò.

A máa lọ rí Dókítà lóṣù tó ń bọ̀. Mi ò ní mú ìwé yìí dání, mo máa wí fún un pé ó sọnù.

Jibril ò ṣépè fún mi. Kò yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo ti rò pé kò ní la ẹnu fún mi mọ́ bí mo bá gbé ṣíbí dé, ṣùgbọ́n ó là á. Láti ọjọ́ kejì tí àwọn Bàrúwà ti lọ, bí ó bá ti gbé ṣíbí àkọ́kọ́ mì, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ, kì í sì í ṣe ìbéèrè.

"O gbọ́ mi."

Lónìí mo dá a lóhùn fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ní, "Mo gbọ́ yín, Bùrọ̀dá." Ó ń wò mí, ó ń retí kí n sọ̀rọ̀ sí i. Mo fi aṣọ nu ẹnu rẹ̀, mo sì bu ẹ̀kọ mìíràn.